Ọmọ ń fa ọmú, èmi ń sunkún: ẹ̀yin ìyá Kwara, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáỌmọTuntun_GàáAkánbí:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin àǹtí wa. Gàá-Àkánbí ni mo wà, nílùú Ìlọrin. Àkọ́bí mi nìyí, obìnrin ni, ọ̀túnla ni ìkómọ rẹ̀. Àgbò ti wà lórí ìso, télọ̀ ti kó aṣọ wá, àfáà ti mọ aago tí wọ́n ń bọ̀. Èmi ìyá ọmọ nìkan ni ara mi kò tíì gbà á.

Ọmú ni. Bí ọmọ yìí bá ti yánu báyìí, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi á ká kò. Orí ọmú ọ̀tún ti sán, ó tiẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lánàá. Ti òsì kò tíì sán ṣùgbọ́n ó ti pọ́n. Tí ó bá sì fi ọmú sílẹ̀, orí ọmú náà kì í rí roboto mọ́, á tẹ́ pẹlẹbẹ, á ní igun lápá kan bí ẹnu gègé ìkọ̀wé.

Wàrà pàápàá kò tètè dé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, omi pupa rúsúrúsú kan báyìí ló ń kán, ó ki, kò tó ohun tí èèyàn ń bu sínú ṣíbí. Ìyá ọkọ mi ló ti Ọ̀fà wá wẹ ọmọ fún wa (Ọlọ́run á dá wọn sí, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé). Wọ́n ní kí n fún omi náà dànù, pé ìdọ̀tí ni, pé wàrà gidi ń bọ̀ lẹ́yìn. N kò fún un dànù. Àmọ́ mo jí lóru, mo bá Màmá tí wọ́n ń fi ṣíbí fún ọmọ ní omi glúkóòsì. Wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, pé àbí n kò rí bí oòrùn ṣe ń mú ní Ìlọrin nínú oṣù Máàṣì yìí ni. Ta ló máa bá ìyá ọkọ jiyàn ní aago mẹ́ta òru?

Wàrà wá dé ní ìjẹta, ó sì dé tìbínú-tìbínú. Ọmú méjèèjì le gbagidi, wọ́n gbóná, ọmọ ò rí i dì mú, ó ń yọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ń ké, èmi náà ń ké. A gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Kílò 3.2 ni wọ́n bí i, ó ti di 3.0. Ẹni tó wọ̀n ọ́n wo ọmú mi fìrí, ó ní orí rẹ̀ kúrú, kí n yáa lọ ra fíídà, ó bá kọjú sí ẹlòmíràn. Láti ìgbà yẹn ni agolo mílíìkì ti jókòó sórí tábìlì pálọ̀. Màmá ń wo agolo, wọ́n ń wò mí.

Ọmọ ń tọ̀ o, n kì í sáà ka pámpàsì. Ìgbẹ́ rẹ̀ ti kúrò ní dúdú, ó ń ṣe àwọ̀ ewé. Ṣé wàrà mi ni kò tó lóòótọ́? Ṣé bí ọmú ṣe máa ń dun gbogbo yín nìyí tí ẹ kàn ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí ilẹ̀ tó ṣú, òru ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Àṣàkẹ́_Òró:

Ẹ kú ewu ọmọ! Ẹmu ni o. Ẹmu àárọ̀ tí kò tíì kan, ife kan péré. Òun ni ìyá mi fún mi ní Òró nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, wàrà ń ṣàn dé orí bẹ́ẹ̀dì.

ỌmọPákátà:

Àǹtí Àṣàkẹ́, ẹmu kẹ̀! Nílé ibi tí àfáà ti ń bọ̀ lọ́túnla? Kúnú ni kí ẹ wí. Kúnú gbígbóná, tó ní atalẹ̀ dáadáa, kí ó mu ún kí ó sì sùn.

Agbẹ̀bíTóFẹ̀yìntì_ỌmùÀrán:

Ìyá ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ agbẹ̀bí, Ọmù-Àrán ni mo wà báyìí, àwọn ìyálọ́mọ àdúgbò kò sì jẹ́ kí n fẹ̀yìn tì tán.

Ẹnu gègé tí ẹ kọ yẹn ló sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún mi. Orí ọmú tó bá ti ẹnu ọmọ jáde ní pẹlẹbẹ tó ní igun, orí ọmú nìkan ló wọ ẹnu ọmọ náà, ó sì ń fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ẹnu níbi tó le. Ibẹ̀ ló ń sán sí. Ọmọ kì í fa orí ọmú, ọmú ló ń fà. Ọ̀pọ̀ nínú dúdú tó yí orí ọmú ká ló yẹ kó wọlé, kí orí ọmú lè dé ọ̀hún lọ́hùn-ún níbi tí òkè ẹnu ti rọ̀, níbi tí nǹkan kan kò ti ní í tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ní orí ọmú yín kúrú, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Mo ti rí obìnrin tí orí ọmú rẹ̀ wọnú pátápátá tí ọmọ rẹ̀ mu ún yó.

Bí ẹ óò ṣe ṣe é nìyí, ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ máa kà á. Ẹ jókòó síbi tí ẹ̀yìn yín ti rí nǹkan fara tì. Ẹ má tẹ̀ lọ bá ọmọ, ọmọ ni kí ẹ gbé wá bá ọmú. Kí ikùn rẹ̀ kọjú sí ikùn yín, kí etí rẹ̀, èjìká rẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀ tọ́ lọ gbọọrọ. Ọmọ tó yí ọrùn kò lè gbé wàrà mì dáadáa. Ẹ̀yin náà ẹ yí ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ mu omi wò. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ẹ̀yìn èjìká àti ọrùn rẹ̀, ẹ má di ìpàkọ́ rẹ̀ mú. Ọmọ tí wọ́n bá ti ìpàkọ́ rẹ̀ sọ́mú á máa taari ara rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á ní ó kọ ọmú, ọwọ́ ló kọ̀.

Ẹ wá fi orí ọmú ra ètè òkè rẹ̀, lọ́gangan ìsàlẹ̀ imú. Ẹ dúró. Ìyánu àkọ́kọ́ kékeré ni, ẹ má fún un. Ẹ tún dúró. Nígbà tó bá ya ẹnu gbàgà, ẹ gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí àgbọ̀n rẹ̀ kọ́kọ́ kan ọmú, kí imú rẹ̀ wà lófo. Bó bá ti dára, dúdú tó hàn lókè á pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ á ṣẹ́ síta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á kún, ẹ óò sì máa gbọ́ bí ó ṣe ń gbé e mì. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń jì wọlé tí ẹnu rẹ̀ sì ń dún tẹ́-tẹ́, kò ì dì í mú. Ó lè ta yín níbẹ̀rẹ̀, kó sì lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èyí tí kò bá lọ, tí ó ń ta títí tí ọmọ fi ń mu ún, ẹ má fi eyín rọ́jú sí i. Ẹ fọ ìka kékeré yín, ẹ tì í bọ igun ẹnu rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ọmú á tú sílẹ̀, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fà á yọ láé.

Ti òní ṣòro díẹ̀ nítorí pé ọmú yín le, kò sì sí ẹnu ọmọ tuntun tó lè di ọmú líle mú. Kí ó tó mu ún, ẹ to orí ìka yín yí ìdí orí ọmú ká, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn síhà àyà, ẹ gbé ọwọ́ dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Wíwú ibẹ̀ á sún sẹ́yìn, ibi tí ọmọ fẹ́ dì mú á rọ̀. Ẹ lè fún ìwọ̀nba díẹ̀ jáde pẹ̀lú. Aṣọ tí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ni kí ẹ gbé lé e kí ọmọ tó mu ún, tútù ni kí ẹ gbé lé e tó bá mu tán. Mo mọ aṣọ ìnura àti omi híhó ti àwọn ìyá wa. Wọ́n ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ọmú kì í ṣe iyẹ̀fun tí wọ́n ń pò. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, inú rẹ̀ á tún wú sí i, omi náà sì lè bó ara. Fún ojú ibi tó sán, ẹ fún wàrà yín díẹ̀ pa á lára, kí ó gbẹ fúnra rẹ̀. Kò gba Robb, kò gba Dettol.

Omi pupa rúsúrúsú tí ẹ kò dànù yẹn, ẹ ṣe é re. Òun ló ní àwọn èròjà tó ń bá ọmọ dojú ìjà kọ àrùn, òun náà ló ń ti ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ jáde. Ẹ ní kò tó ṣíbí. Ọmọ òòjọ́ kì í sábà mu ju mílílítà díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, ṣíbí tíì kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ó tó.

Ẹ má bínú sí Màmá lórí glúkóòsì. Ilé ìwòsàn ló kọ́ wọn. Nígbà tí àwọn ń bímọ, omi glúkóòsì ni ọ̀pọ̀ yàrá ìgbẹ̀bí kọ́kọ́ ń fún ọmọ, wọ́n á sì gbé ọmọ lọ sí yàrá tirẹ̀ kí ìyá lè sinmi. Ọdún 1991 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé ètò kan kalẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn: kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ọmú láàárín ìdajì wákàtí tí wọ́n bí i, kí ó máa wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí wọ́n má fún un ní omi tàbí ohunkóhun mìíràn àfi tí àìsàn bá fà á. Èyí tí Màmá mọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ni. Ẹ sọ fún wọn pé nínú 100 wàrà ọmú, bíi 88 ló jẹ́ omi. Oòrùn Ìlọrin kò lè borí ìyẹn. Tí ooru bá mú, ẹ fún un lọ́mú léraléra, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ mu omi. Omi inú ṣíbí ń gba àyè lọ́wọ́ wàrà nínú ikùn kékeré yẹn, ọmọ kò ní í fa ọmú bó ṣe yẹ, ọmú tí wọn kò bá sì fà kì í pèsè.

Ìyẹn ni mo fi ní kí ẹ jẹ́ kí ẹmu àti kúnú jẹ́ ohun mímu lásán. Kúnú dára fún ara yín, ẹ mu ún. Ẹmu ní ọtí nínú, ọtí sì ń wọ inú wàrà. Kò sí èyí nínú méjèèjì tó lè ṣe iṣẹ́ tí ẹnu ọmọ ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru ni kó mu ún, ẹ má sì fo ti òru, torí òru ni omi ara tó ń pàṣẹ wàrà máa ń pọ̀ jù.

Kílò 3.2 tó di 3.0, ìyẹn kò tó 7 nínú 100. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fọn díẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Tó bá ń lọ sí 10 nínú 100, ọ̀ràn dókítà nìyẹn. Tirẹ̀ yẹ kó padà sí 3.2 kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Pámpàsì tí ẹ kì í kà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kà láti òní: láti ọjọ́ karùn-ún lọ, kí ó tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Kí ìgbẹ́ náà máa kúrò ní àwọ̀ ewé lọ sí pupa rúsúrúsú.

Tí ó bá ń sùn tí ẹ kò rí i jí láti mu ọmú, tí ìtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó tutù jù, tí funfun ojú rẹ̀ ń pọ́n rúsúrúsú, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlọrin ní UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ẹ sì ní àwọn dókítà ọmọdé láàárín ìgboro. Ìmọ́lẹ̀ ilé ìwòsàn ló ń wo ojú pípọ́n ọmọ tuntun tó bá pọ̀, oòrùn àárọ̀ kò tó o. Ẹ yọ káńfọ̀ kúrò nínú àpótí aṣọ rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gba òórùn rẹ̀, ojú wọn á sì pọ́n kíákíá. Ní tiyín, tí apá kan ọmú bá pupa, tó dùn yín, tí ibà sì gbé yín, ẹ lọ rí dókítà kí ó tó di oówo. Kí ẹ sì máa fún ọmọ ní ọmú náà lọ, kò ní í pa á lára.

Ó kù kan. Ẹ ní ìkómọ ku ọ̀túnla. Oyin tí wọ́n ń tọ́ lẹ́nu ọmọ, ẹ jẹ́ kí ó kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kì í lá oyin, nítorí kòkòrò àrùn kan lè wà nínú rẹ̀ tí ikùn wa máa ń ṣẹ́gun tí ti ọmọ kò lè ṣẹ́gun. Àwọn àgbà tó péjọ ni kí wọ́n lá a fún un.

ÌyáÌbejì_Ọ̀fà:

Màmá agbẹ̀bí, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò mi, èmi náà láti Ọ̀fà ni, mo mọ irú ìyá ọkọ tí ẹ ń wí, ìfẹ́ ló ń dà wọ́n láàmú.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àwọn ìbejì mi, n kò lè gbé ọmọ lé ikùn. Abẹ́ abíyá ni mo gbé wọn sí, ẹsẹ̀ wọn kọjú sẹ́yìn mi, ìrọ̀rí lábẹ́ wọn. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ fún ọmú ọ̀tún tó sán yẹn, torí ẹnu ọmọ á gba ibòmíràn dì í mú, ojú egbò náà á sinmi. Ẹ kọ́kọ́ máa fi ti òsì bẹ̀rẹ̀ títí tí yóò fi jinná.

Ní ti Màmá, ẹ fún wọn níṣẹ́. Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń wo agolo. Tí ọmọ bá mu tán, àwọn ni kí wọ́n gbé e lé èjìká kí ó gùfẹ̀ẹ́. Wíwẹ̀ tiwọn ni. Kíka pámpàsì, ẹ fún wọn ní ìwé àti bírò, ẹ óò rí i pé wọn á kà á ju ẹ̀yin lọ. Ẹ sì jẹ́ kí ọkọ yín ka Suratul Baqarah ẹsẹ 233 sí wọn létí, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí àwọn ìyá fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì gbáko. Kò sọ̀rọ̀ omi glúkóòsì níbẹ̀, èmi kì í ṣe àfáà, ṣùgbọ́n ó tán ìjà nílé tèmi.

Ẹ má ju agolo náà nù o. Ọ̀kan nínú ìbejì mi kéré, dókítà ní kí n fi mílíìkì kún tirẹ̀ fúngbà díẹ̀, mo fi kún un, ọmú náà kò sì dáwọ́ dúró. Ife kékeré ni mo fi ń fún un, kì í ṣe fíídà. Dókítà tó wọ̀n ọmọ tó sì wò ó ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó wo ọmú fìrí.

BàbáỌmọ_Tánkẹ̀:

Ọkọ dà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Kí ó dìde lóru, kí ó pààrọ̀ pámpàsì, kí ó gbé ọmọ wá bá ìyá rẹ̀, kí ó bu omi wá. Lọ́jọ́ ìkómọ, òun ni kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Àlejò ò gbọdọ̀ gbé ọmọ tí ebi ń pa kiri nítorí fọ́tò.

ÌyáỌmọTuntun_GàáAkánbí:

Ẹ̀yin ìyá mi, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ṣe ti títẹ̀ sẹ́yìn yẹn, mo sì dúró de ìyánu ńlá bí Màmá agbẹ̀bí ṣe wí. Ìgbà àkọ́kọ́ kò bọ́ sí i, mo tì ìka bọ ẹnu rẹ̀, mo tú u. Nígbà tó wá bọ́ sí i, mo gbọ́ ọ tó ń gbé e mì! Ó ṣì ta mí, àmọ́ ó lọ. Orí ọmú jáde ní roboto. Ti ọ̀tún ṣì ń dùn mí gan-an lábẹ́ abíyá pàápàá, nítorí náà mo fún wàrà rẹ̀ jáde sínú ife, Màmá sì fi ṣíbí fún un. Inú wọn dùn ju tèmi lọ. Wọ́n ti gba ìwé àti bírò.

Ìbéèrè kan tún kù. Èyí tí mo bá fún sínú ife, tí ọmọ bá ti sùn, ìgbà wo ni yóò bàjẹ́? Iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa, fíríìjì kò ṣe é gbọ́kàn lé.

Agbẹ̀bíTóFẹ̀yìntì_ỌmùÀrán:

Alhamdulillah. Bí ti ọ̀tún bá ṣì ń dùn yín bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìkómọ, ẹ gbé ọmọ lọ kí wọ́n wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀, àwọn kan wà tí awọ ibẹ̀ so ahọ́n wọn mọ́lẹ̀.

Wàrà tí ẹ fún jáde lè wà ní ìta fún wákàtí mẹ́rin níbi tí kò gbóná ju ìwọ̀n ooru 25°C lọ. Yàrá yín ní Máàṣì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Inú fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ déédéé, ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀yin tí iná kì í dúró lọ́dọ̀ yín, ẹ ra kúlà kékeré, ẹ to yìnyín sínú rẹ̀, ẹ gbé e síbẹ̀ nínú ohun tó ní ìdérí, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ má gbé e ka iná tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gbé ife náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Èyí tí ọmọ bá ti fẹnu kàn tó ṣẹ́kù, ẹ dà á nù láàárín wákàtí méjì. Ẹ fọ ife àti ṣíbí pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ sì da omi híhó lé wọn lórí. Màmá yín mọ ìyẹn dáadáa, àwọn ni kí ẹ fi síkàáwọ́.